Àǹtí Sonoe àti Ẹni Kọkànlélógójì

Ní ìparí ọdún yẹn, ìwé ìròyìn to orúkọ àwọn máńgà, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán, tó tà jù lọ ní gbogbo Japan, "Àsíá Orí Òrùlé" ló sì wà lókè téńté. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ló fà á. Wọ́n ní láti oṣù kẹrin tí wọ́n ti sọ ìtàn alàwòrán náà di fíìmù tí wọ́n ń fi hàn ní gbogbo Sátidé ni àwọn èèyàn ti ń wọ́ tọ ìwé náà. Mi ò ní wọ́n parọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, ní Shiomura níbí, bí ẹnikẹ́ni bá bi èmi Kajitani Fukiko tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ṣoṣo tó kù, màá ní Àǹtí Sonoe ló fà á. Kí wọ́n lọ fi ìyẹn náà sínú ìwé ìròyìn wọn.

Wakui Sonoe lorúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Bàbá mi ló gbà á síṣẹ́ nígbà tí mo ṣì ń lọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, mo jogún ṣọ́ọ̀bù, mo jogún òrùlé tó ń jò, mo sì jogún Àǹtí Sonoe. Èmi fúnra mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, títí dòní Ọ̀gá Kékeré ló ń pè mí. Ó máa ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa ń bí mi nínú, mi ò ní fi pamọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni ọ̀rá. Bí máńgà tuntun bá dé, a ní láti fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ká tì í gba inú ẹ̀rọ gbígbóná kọjá kí ọ̀rá náà lè fún mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa dúró sídìí pẹpẹ kà á tán kó sì máa lọ sílé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Àǹtí Sonoe sì ni. Ṣùgbọ́n kó tó wé ìwé kìíní nínú ìtàn tuntun, á kọ́kọ́ kà á. Bó bá dùn mọ́ ọn, á fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ láìwé.

"Àǹtí, ẹ ò tíì wé eléyìí o."

"Mo mọ̀."

"Àwọn ọmọ á kà á bàjẹ́!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á bàjẹ́, Ọ̀gá Kékeré. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Tí wọ́n bá ka ìkíní lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló fẹ́ fún wọn ní ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́?"

Mo pariwo títí, ẹnu ń ro mí. Kò wé e.

Ó tún máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí kékeré, á gbé e ti ìwé tó bá fẹ́ràn. Ohun tó kọ sí ti "Àsíá Orí Òrùlé" nìyí: "Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lọ́sàn-án, mo gbàgbé oúnjẹ alẹ́. Ìrẹsì tútù lọkọ mi jẹ. Kò tíì dárí jì mí." Kò sẹ́ni tí kò mọ ọkọ rẹ̀ ní Shiomura. Wọ́n á kà á, wọ́n á fi Ọ̀gbẹ́ni Wakui rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì nawọ́ mú ìwé.

Ìtàn náà dá lé Edo, orúkọ tí Tokyo ń jẹ́ láyé àtijọ́, nígbà tí gbogbo ilé jẹ́ pákó àti bébà. Bí iná bá sọ, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ panápaná á gbé àsíá ẹgbẹ́ gun òrùlé kan, àmì pé ibí yìí niná gbọ́dọ̀ parí sí. Kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí iná á fi kú tàbí títí òrùlé á fi wó. Bàbá ọmọbìnrin kan kú lórí òrùlé bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà wọṣọ ọkùnrin, ó gbé àsíá bàbá rẹ̀. Ìwé méjìlá péré ni gbogbo rẹ̀. Ní òpin ìkọkànlá, ó wà lórí òrùlé, iná yí i ká lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ lẹni tó kọ ọ́ fi gbogbo àwọn tó ń kà á sí.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí eré sísá àti iná. Àwọn ìyá wọn ń jí i kà nínú báàgì wọn. Àwọn àgbà tiwa ní ìdí tiwọn, nítorí kò sí ọkùnrin kan ní Shiomura tí kò ṣe panápaná ìlú rí. Bàbá Tomezo nìyẹn, tó wà nínú ẹgbẹ́ náà fún ogójì ọdún. Hisamoto Tomezo, apẹja, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó wá ra kàlẹ́ńdà ìṣàn omi òkun lọ́jọ́ kan, Àǹtí Sonoe bá ki ìwé kìíní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé kì í ṣe ìwé ọmọdé lèyí, Sonoe?"

"Ẹ kà á, Bàbá. Tí kò bá dáa, ẹ wá bú mi."

Ó padà wá ní ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ le koko. "Àsíá yẹn wúwo ju bí wọ́n ṣe yà á lọ. Ẹni tó yà á ò gbé e rí." Ó nawọ́ jáde. "Ìkejì dà?"

Bó ṣe kà á dé ìkọkànlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá Tomezo ń lọ. Nígbà tí ooru mú, ó ń fi awò ńlá ọlọ́wọ́ kàwé. Nígbà tó fi di ìgbà òtútù díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn wa. Àwọn dókítà ní ìlú ńlá ní kó wá fún iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, wọ́n sì sọ fún un gbangba pé àwọn ò lè ṣèlérí pé yóò tún ríran. Ọjọ́ kẹrin ni ìwé kejìlá máa jáde. Ọjọ́ kẹrin náà ló máa wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Àǹtí Sonoe ní ìwé kan tí àwọn tó bá fẹ́ ìwé kejìlá ń kọ orúkọ wọn sí. Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Bàbá Tomezo, tí kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ń tò fún ìwé, pẹ́ kó tó kọ tirẹ̀. Òun ni ẹni kọkànlélógójì.

Ọjọ́ méjì kí ìwé tó jáde, bébà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín ìwé fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Sonoe gbà á lọ́wọ́ mi, òun náà kà á.

"Mẹ́fà kẹ̀?"

"Ìwé mẹ́fà fún gbogbo Shiomura," mo ní.

Ara mi gbóná, nítorí mo mọ ohun tó fà á. Ní oṣù kẹta, kí fíìmù yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ìwé náà jókòó lórí pẹpẹ, kò tà, mo bá dá ẹ̀dà méjìdínlógún padà fún àwọn tó ń pín in. Ẹ̀tọ́ wa ni, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wọn kì í gbàgbé. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Shiomura ò lè ta ìwé yìí. Látìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kán an fún wa. Mi ò sọ fún Àǹtí Sonoe. Ó dúró sídìí fóònù fún wákàtí kan, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń tẹrí ba fún ẹni tí kò rí i. Kò sí ìwé.

"Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn fún Bàbá Tomezo, kó parí," mo ní. "Ṣé ojú tó ń lọ ló máa dúró de ìlà?"

"Ó máa bi mí pé ẹni kẹlòó ló kàn."

"Ẹ parọ́ fún un!"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó tutọ́ sọ́bẹ̀.

Ìròyìn kì í sùn lójú ọ̀nà ní ìlú wa. Kó tó di ọ̀sán, Bàbá Tomezo ti wọlé. "Mo gbọ́ pé mẹ́fà ló ń bọ̀. Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹni kọkànlélógójì ni mí. Ṣé orí ogójì èèyàn ni kí n gùn kọjá?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oríkunkun sílẹ̀," mo ní. "Ìwé lásán ni."

"Fukiko, kí lo mọ̀? O ò tíì kà á."

Òótọ́ ni. Mi ò kà á.

"Tí ojú bá là, màá kà á," ó ní. "Tí kò bá là, Sonoe á sọ ìparí rẹ̀ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn.

Àǹtí Sonoe wò ó títí ó fi lọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i." Ó yíjú sí mi. "Ọ̀gá Kékeré, ṣọ́ọ̀bù tí kì í tì mélòó ló wà láti ibí dé ìsàlẹ̀ etí òkun lọ́hùn-ún?"

"Mẹ́sàn-án. Kí ló dé?"

"Ìrẹsì dídì àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń ta máńgà náà."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, inú sì bí mi lójú ẹsẹ̀. Iye tí wọ́n bá tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ni gbogbo ayé ń tà á ní orílẹ̀-èdè wa. "Ká lọ ra ìwé ní iye tá a fẹ́ tà á? Èrè dà?"

"Kò sí èrè."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ débẹ̀?"

"Mo ti ní kí ọkọ mi bá mi fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin! Lórí kẹ̀kẹ́! Nínú afẹ́fẹ́ oṣù kọkànlá! Mo ní mi ò bá a dá sí i, mo ní bó bá fẹ́ kó sínú òkun, kó sọ fún ọkọ rẹ̀ kó má pè mí. Ní aago márùn-ún kù díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbé ọkọ̀ ìkẹ́rù wa síwájú ilé rẹ̀.

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò dá sí i?"

"Ẹ wọlé. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀."

Ó wọlé, ó sì na ìrẹsì rìbìtì kan sí mi, èyí tó fi èso kíkan há nínú. Ó ti dì méjì tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ìwà!

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ẹ̀dà márùn-ún ló wà lórí pẹpẹ. Ó mú mẹ́rin.

"Àǹtí, ó ku ọ̀kan!"

"Ẹlòmíì á kọjá níbí."

"Àwa náà ni ẹlòmíì!"

Ó ti ń lọ sanwó. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó tún fi ọ̀kan sílẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, omidan tó ń gbowó wò wá, ó tún wò wá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù ìwé Kajitani?"

"Àwa ni," mo ní, ojú ń tì mí.

"Ẹ wá wá ra ìwé lọ́dọ̀ wa?"

"Ẹ ṣáà ń rí wa," mo ní.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló di ìwé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì tẹrí ba fún wa wọlẹ̀. "Àbúrò mi wà nínú ìwé orúkọ yín. Ẹni kẹtàdínlógún ni. Kò sùn lálẹ́ àná. Ẹ ṣeun gan-an ni mà."

Láàárín ìkarùn-ún àti ìkẹfà, mo gbé ìrẹsì náà kalẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Àǹtí, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n fún wa ní mẹ́fà. Èmi ni mo dá ìwé yẹn padà ní oṣù kẹta. Méjìdínlógún. Ẹ má bínú."

Ó ń jẹ tirẹ̀ lọ. "Mo mọ̀. Ta lẹ rò pé ó di páálí náà?"

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Mo sọ. Ẹ ní kí n lọ máa wé ìwé."

Kí n sọ òdodo, mi ò rántí. Ṣùgbọ́n ó jọ ohun tí mo lè sọ. Mo tún ṣáná sí ọkọ̀.

Nígbà tá a dé ìkẹsàn-án, pẹpẹ ti mọ́ foo. A padà sí Shiomura ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a kó gbogbo rẹ̀ sórí káńtà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la rà. Mẹ́fà ti dé nínú páálí. Mo kà á, mo tún un kà. Ogójì.

"Ọ̀kan péré!" Mo pariwo. "Ọ̀kan péré, Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi mẹ́jọ sílẹ̀ káàkiri etí òkun fún ẹlòmíì! Ẹ lọ sọ fún Bàbá pé ẹlòmíì ló gbà á!"

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó mú bírò pupa láti inú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fa ìlà kan, ó sì fi ìka kà láti òkè wá sílẹ̀. "Bàbá Tomezo ti di ogójì," ó ní.

Mo wò ó. Ìlà kejìlá ló fà á sí. Wakui Sonoe ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, bí ẹni pé a ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ń ta ìwé náà, tó lè fi ẹ̀dà kan sábẹ́ káńtà nígbàkigbà tó bá wù ú, tò lẹ́yìn ọmọ mọ́kànlá. Ọdún mẹ́ta ló ti ń tẹ̀ lé ìtàn yẹn. Nígbà tó ka ìkọkànlá tán, ó kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Àǹtí…"

"Wọ́n máa tún un tẹ̀. Ojú tèmi ò dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dà?"

Ojú tì mí. Inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo wakọ̀ náà bí wèrè.

Bàbá Tomezo àti ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, ẹrù rẹ̀ wà nínú aṣọ dídì. Àǹtí Sonoe sáré bá a. "Bàbá, ó kàn yín!"

"Ẹni kẹlòó ló kàn?"

Mo fẹ́ bú sẹ́kún, mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ti gbé ìwé orúkọ dání! Ó ṣí i fún un. Bàbá mú awò rẹ̀ jáde, ó tẹ̀, ó ń kà á láti òkè, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, bí ẹni ń ka ẹja. Nígbà tó dé ìlà kejìlá, awò náà dúró. Ọkọ̀ ti ń wọlé. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló tún ń ka ìyókù lọ títí ó fi dé orúkọ ara rẹ̀.

"Ogójì," ó ní. "Ó kàn mí lóòótọ́." Ó san owó rẹ̀ gẹ́ẹ́. Àǹtí Sonoe bá a ya ọ̀rá ara ìwé náà. Bàbá tẹrí ba fún un, ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde, ṣọ́ọ̀bù wa kún fọ́fọ́. "Ẹ ṣé o, Àǹtí!" "Àǹtí, ó kàn mí!" Àwọn tí ìwé ò kàn dúró, wọn ò sunkún, wọ́n ní àwọn á dúró de èyí tí wọ́n máa tún tẹ̀. Ọmọ kan ka ìwé tirẹ̀ tán lórí ìdúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé. Àǹtí Sonoe fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó sá wọ ẹ̀yìn lọ, a ò rí i fún ìdá mẹ́rin wákàtí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ pín ẹrù gbé àpò kékeré kan wá. Láti ilé ìwòsàn ló ti wá, orúkọ Àǹtí Sonoe ló wà lára rẹ̀. Ní wákàtí yẹn gan-an, Bàbá Tomezo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín má bàa kó sókè: ojú òsì ò là, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún là kedere, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀.

Ìwé kejìlá ló wà nínú àpò náà. Bébà kan wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, àwọn lẹ́tà náà tóbi, wọ́n wọ́, òmíràn gun òmíràn:

"Sonoe, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí i. Ó kan ẹni kejìlá."

Ó kà á, ó dúró gbagidi. Èèyàn mẹ́ta ló wà níwájú káńtà. Ó nawọ́ sí bébà tí a fi ń di ìwé, ó fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo sì fa àga síbẹ̀.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ kà á."

"Ọjà ńkọ́?"

"Mo ní kí ẹ jókòó!"

Ó jókòó. Èmi ni mo tajà títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí Àǹtí Sonoe ń sunkún lẹ́yìn káńtà, mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ó ti kàn án."